We3: Ajá, Ológbò àti Ehoro Tí Wọ́n Wọ̀ Lẹ́wù Ogun

Ẹni tó bá ń wá ìwé alàwòrán tí róbọ́ọ̀tì gìrìwò ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú mọ́lẹ̀, kó tètè mọ̀ pé We3 kọ́ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn róbọ́ọ̀tì inú ìwé yìí kò ga ju ajá lọ, torí pé ajá ló wà nínú wọn. Ajá kan, ológbò kan àti ehoro kan ni àwọn ológun Amẹ́ríkà kó lọ sí yàrá ìwádìí, wọ́n fi irin bò wọ́n, wọ́n ki wáyà bọ̀ wọ́n lọ́pọlọ, wọ́n sì ń rán wọn lọ pa èèyàn. Grant Morrison ló kọ ìtàn náà, Frank Quitely ló yà á, ọmọ Skọ́tíláǹdì sì ni àwọn méjèèjì. Quitely fi pẹ́ńsù yà á, Jamie Grant fi kọ̀ǹpútà sọ àwọn ìlà rẹ̀ di dúdú, ó sì kùn ún lọ́dà. Todd Klein ló kọ lẹ́tà ọ̀rọ̀ sínú àwọn àwòrán náà. Vertigo ló gbé e jáde, ìyẹn ẹ̀ka DC Comics tó wà fún ìwé àgbàlagbà. Ìdìpọ̀ pélébé mẹ́ta ló kọ́kọ́ jẹ́, láti 2004 sí 2005, kí wọ́n tó kó o pọ̀ sínú ìwé kan.

Àwa tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà, ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ẹranko inú àlọ́, èèyàn ni. Ìjàpá ń jẹ gbèsè, ó ń fẹ́ ìyàwó, ó ń lọ kí àna rẹ̀, ó ń pète bí òun nìkan yóò ṣe jẹ oúnjẹ gbogbo ẹbí. Bí ẹ bá ṣí ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin olójúkòkòrò kan lẹ máa bá níbẹ̀. Morrison kò gba ọ̀nà yẹn. Wọ́n fún àwọn ẹranko rẹ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà sọ kò ju ohun tí ẹranko lè máa rò lọ. Ajá ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe dáadáa, ó sì ń fẹ́ lọ sílé. Ológbò ń bínú. Ohun gbogbo ló ń rùn sí i, kò sì sí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ehoro ń wá koríko. Ìbọn tó lè run odindi ikọ̀ ọmọ ogun wà lára ẹ̀dá tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ogun, kò mọ ọ̀tá, kò mọ orílẹ̀-èdè, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi rán an. Ohun tó mú kí ìwé yìí wọ èèyàn lára nìyẹn, torí àwọn ìwé ẹranko àti róbọ́ọ̀tì mìíràn pọ̀ tó jẹ́ pé bí a bá fi ọmọ èèyàn rọ́pò ẹranko inú wọn, kò ní sí ohun tó yí padà.

Gígé ni wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú lọ́nà tí a ń gbà kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, lẹ́tà ẹyọ kan á dúró fún odindi ọ̀rọ̀, a ó sì kọ Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe dún létí. Ojú lè kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fẹnu kà á síta, yóò yé yín kíá. Ẹ máa ṣọ́ iye ọ̀rọ̀ tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ní pẹ̀lú. Ajá ló ní jù, ehoro ló ní kéré jù, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun ìjà wọn náà bá ìwà wọn mu. Ajá ló ru ìbọn ńláńlá àti àwọn àdó tí wọ́n ń jù láti òkèèrè. Òun ni ọ̀gá wọn. Ológbò ń yìn èékánná irin, ó máa ń lọ́ wọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, á pa, á jáde. Ehoro ń ju bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ láti ìdí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ olóró. Nọ́ńbà ni wọ́n ń fi pè wọ́n: 1, 2, 3. Weapon 4, ìyẹn ohun ìjà kẹrin, wà lẹ́yìn wọn, ajá mastiff ràgàjì kan nínú ẹ̀wù irin tó ju tiwọn lọ fíìfíì, òun nìkan ló sì sún mọ́ ohun tí àwọn olólùfẹ́ róbọ́ọ̀tì ńlá ń wá.

Ìtàn fúnra rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìpànìyàn kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹ ó rí ọta, ògiri tó ń fọ́ àti òjìji, ẹ kò sì ní mọ apànìyàn àfi nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn èyí, sẹ́nétọ̀ kan wá wo iṣẹ́ náà. Wọ́n fi eku tí wọ́n ń darí láti òkèèrè hàn án, wọ́n fi àwọn mẹ́ta náà hàn án, òun náà sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa wọ́n kí wọ́n lè bọ́ sórí àwọn tuntun. Dókítà Roseanne Berry, obìnrin tó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ, kò lè ṣe é. Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ, wọ́n ń wá ibi kan tí ajá ń pè ní ilé, ìjọba sì ń lépa wọn. Ohun tó kù, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á.

Ohun tó ga jù nínú ètò ìtàn náà wà lára èèpo ìdìpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkéde ẹranko tó sọnù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irú ìwé tí ẹni tó ń wá ajá rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òpó iná. Orúkọ wà níbẹ̀: Bandit ni ajá, Tinker ni ológbò, Pirate ni ehoro. Òǹkàwé ti mọ orúkọ wọn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń rán wọn níṣẹ́ kò sì pè é rí. Yorùbá tó bá ka èyí, bóyá ni kò ní rántí àlọ́ ọdẹ orí igi, tí àwọn àjẹ́ ń gé igi lábẹ́ rẹ̀, tí ó ń ké pe Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ́pàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Ajá mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, orúkọ tí ọdẹ pè ló sì mú wọn já ìdè wá gbà á. Ajá ogun ni àwọn náà, wọ́n ń pa, wọ́n ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Àmọ́ wọ́n ní ọ̀gá tó mọ orúkọ wọn, ilé kan sì wà tí wọ́n ń padà sí. Ohun tí àwọn ológun gbà lọ́wọ́ Bandit gan-an nìyẹn. Gbogbo orí kẹta sì dúró lórí ìbéèrè bóyá ẹni kan yóò fi orúkọ yẹn pè é. Mi ò ní sọ ju èyí lọ.

Orí àwọn ojú ewé ló yẹ kí a pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni owó yín lọ.

Ìgbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sá kúrò ní yàrá ìwádìí, Quitely kò jẹ́ ká sáré tẹ̀ lé wọn. Ojú kámẹ́rà aṣọ́lé ló fi ń hàn wá. Ojú ewé 6 ló lò, àpótí àwòrán kéékèèké 18 sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 108. Kámẹ́rà kò mọ ohun tó ṣe pàtàkì. Bó ṣe ya ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ṣófo náà ló ṣe ya ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ kú. Ẹni tó bá sáré kà á láti òsì sí ọ̀tún bí ìwé ìròyìn, kò ní rí nǹkan kan mú. Ẹ kọ́kọ́ wo odindi ojú ewé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun kan, bóyá ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀ṣọ́, kí ẹ tẹ̀ lé e láti àpótí dé àpótí. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú ohun mìíràn. Ìgbà kejì ni ọgbọ́n inú rẹ̀ á tó yọ. Àwòrán ńlá tó tẹ̀ lé ojú ewé wọ̀nyẹn á wá fún ojú yín ní àyè lójijì, bó ṣe ń rí fún ẹni tó jáde kúrò ní yàrá tóóró bọ́ sí gbangba, irú ara tó tu àwọn ẹranko náà á tu ẹ̀yin náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun. Àwòrán ńlá kan gba ojú ewé méjì tó kọjú síra, àwọn àpótí wẹ́wẹ́ sì tú ká sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ohun kékeré kan ṣoṣo: ọta tó ń wọlé, ọta tó ń jáde, awọ tó ya. Àwòrán ńlá náà ni ohun tí ojú èèyàn lè rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn wẹ́wẹ́ náà ni ohun tí ẹranko rí láàárín àkókò kan náà, torí ojú àti ara tiwọn yára ju tiwa lọ. Àwọn ayàwòrán mángà, ìyẹn ìwé alàwòrán ilẹ̀ Japan, mọ̀ nípa fífa ìṣẹ́jú àáyá kan gùn kọjá ọ̀pọ̀ ojú ewé. Quitely kó ìṣẹ́jú àáyá náà jọ sójú kan dípò fífà á gùn, ó sì fi òǹkàwé sílẹ̀ kó tú u fúnra rẹ̀. Ẹ má wá ètò nọ́ńbà nínú wọn. Ẹ wo ńlá, ẹ wo wẹ́wẹ́ bí ojú yín bá ṣe bọ́ sí i, ẹ padà sí ńlá.

Ti ológbò yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Nígbà tí Tinker kọ lu àwọn èèyàn, Quitely yí àwọn àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́, ó tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn títí wọnú ìwé lọ, ológbò sì ń gba àárín wọn kọjá, ó ń wọ ọ̀kan jáde sí èkejì. Àpótí tó yẹ kó dè é kò dè é. Mi ò tíì rí ojú ewé kọ́míìkì tó fi bí ológbò ṣe ń rìn hàn tó báyìí, torí gbogbo ẹni tó ti gbé pẹ̀lú ológbò ló mọ̀ pé ibi tí ò ń wò kọ́ ló ń gbà. Ní 2005, Quitely gba Eisner, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ìwé kọ́míìkì, gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán tó dára jù lọ nítorí ìwé yìí, òun àti ayàwòrán mìíràn, John Cassaday, ni wọ́n jọ pín in. Ó tọ́ sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni ohun tí wọ́n fi ẹranko ṣe nínú ìtàn náà, kó wo eku inú orí àkọ́kọ́ wò. Ní 2002, ọdún méjì ṣáájú ìwé yìí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York, ẹ̀ka ti Brooklyn, ki wáyà bọ ọpọlọ eku, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà darí rẹ̀ láti ibi tó jìnnà tó 500 mítà. Wáyà kan ń mú kí eku rò pé nǹkan fọwọ́ kan irunmú òun lọ́tùn-ún tàbí lósì. Bó bá yà síbi tí wọ́n fẹ́, wáyà kejì á ta adùn sí i lọ́pọlọ. Ìfẹ́ inú eku náà gan-an ni wọ́n sọ di ìjánu. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Soviet di bọ́ǹbù mọ́ ajá lára, wọ́n kọ́ wọn láti máa wọ abẹ́ ọkọ̀ ogun lọ wá oúnjẹ. Ọkọ̀ ogun tiwọn ni wọ́n fi kọ́ wọn, torí náà lójú ogun, òmíràn á lọ bá ọkọ̀ tó mọ òórùn rẹ̀, òmíràn á gbọ́ ìró ìbọn, á sì sá padà sínú kòtò bá àwọn tó rán an. Ajá tí ìbẹ̀rù bá mú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bọ́ ọ ló máa ń sá lọ. Gbogbo ìrìn Bandit nínú ìwé yìí, orí òtítọ́ yẹn ló dúró.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà bá ẹranko ṣe nínú ọ̀ràn ogun, òkété wa yìí ló sì fi hàn. Àjọ APOPO ń kọ́ òkété ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Magawa, tó ṣiṣẹ́ ní Cambodia, wúwo tó kílógíráàmù 1.2 péré, bọ́ǹbù kò sì lè tìtorí ìwọ̀n yẹn bú gbàù. Ó rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ 71 àti ohun abúgbàù mìíràn 38 kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021, wọ́n sì ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Kò wọ irin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní orúkọ.

Àléébù wà. Àwọn èèyàn inú ìwé náà fẹ́lẹ́. Sẹ́nétọ̀ jẹ́ sẹ́nétọ̀, ọ̀gá yàrá ìwádìí jẹ́ ọ̀gá, kò sí èyí tí a mọ ohun tó ń mú un sùn tàbí tó ń mú un jí. Dókítà Berry nìkan ló ní ara, síbẹ̀ ohun tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ burúkú yìí kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà, ìwé náà kò sọ ọ́. Ó yẹ kó sọ ọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ló ti ọ̀rọ̀ bọ ẹnu ajá. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, orí kẹta ń sáré jù. Ìjà tó yẹ kó gbé gbogbo ẹ̀rù ìtàn náà parí kí ojú tó gbà á. Èyí ló jẹ́ kí irú ẹ̀dà tí ẹ máa rà ṣe pàtàkì.

Ẹ̀dà 2005 jẹ́ ẹlẹ́yìn rírọ̀, ìtàn bó ṣe kọ́kọ́ jáde ló sì wà nínú rẹ̀. Ní 2011, wọ́n gbé ẹ̀dà tó tóbi jáde, ẹlẹ́yìn líle, ojú ewé rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì fi ojú ewé tuntun 10 kún ìtàn náà. Èyí ni kí ẹ rà. Ojú ewé tuntun náà jẹ́ kí orí tó ń sáré mí díẹ̀, fífẹ̀ ìwé náà sì ń ṣe iṣẹ́ gidi: àpótí 18 lójú ewé kan máa ń fún jù nínú ìwé kékeré. Ohun kejì tó máa ń bàjẹ́ nínú ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀ ni àárín ìwé. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, torí náà àwòrán tó gba ojú ewé méjì á wọ inú ìdì lọ, ohun tó wà ní àárín gan-an á sì pamọ́. Bí ẹ bá fipá tẹ̀ ẹ́ kó lè là, ẹ̀yìn rẹ̀ á sán, ojú ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀dà yìí nìkan lẹ bá rí, ẹ máa là á díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àti láti ìparí wá sí àárín, ẹ má là á láti àárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń ra àlòkù, kó bi olùtajà bóyá ojú ewé 10 náà wà nínú rẹ̀, torí èèpo nìkan lè tan èèyàn.

Ẹ̀dà orí ẹ̀rọ rọrùn fún ẹni tó wà níbi tí ìwé kò ti tètè dé, àmọ́ ẹ má fi fóònù kà á. Ètò tó máa ń fa àpótí kọ̀ọ̀kan tóbi lọ́kọ̀ọ̀kan ń ba ìwé yìí jẹ́ pátápátá, nítorí pé rírí gbogbo àpótí pa pọ̀ lójú kan náà ni iṣẹ́ náà. Ẹ lo tábúlẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé e sí ìbú, ẹ pa ètò ìfàtóbi náà, kí ẹ sì yan kí ojú ewé méjì máa hàn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀dà jíjí tó ń kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀ sí pé olè ni, wọ́n ti fún àwòrán wọn pọ̀ débi pé àpótí kámẹ́rà wọ̀nyẹn á di àbàwọ́n lásán.

Kì í ṣe ìwé ọmọdé. Àwòrán ajá àti ehoro lè tan òbí tó bá kàn ṣí i wò lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ara ń ya, orí ń fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀, ti ènìyàn àti ti ẹranko. Ibi tí ọkùnrin oníbọn kan ti pàdé wọn ní orí kejì le gan-an fún ẹni tó fẹ́ràn ohun ọ̀sìn. Èmi ò ní fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Àgbàlagbà tí ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kó fi í sílẹ̀ ná.

Wákàtí kan ó lé díẹ̀ tó láti kà á tán, ẹ sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Àwọn àwòrán ìpìlẹ̀ Quitely wà ní ẹ̀yìn ẹ̀dà ńlá náà, wọ́n sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ àwòrán yíyà, torí wọ́n jẹ́ kí a rí bí àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe dé ibi tó wà. Àmọ́ wọ́n ń tú àṣírí ìparí ìtàn, nítorí náà ẹ má ṣí wọn títí ẹ ó fi ka orí kẹta tán.